ORÚKỌ ILẸ̀ ÀTI ÌTÀN TÍ Ó WÀ NÍDÌÍ RẸ̀

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ pé jọ sí Ponyan yìí, mo kí yín: òkun o! Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ìkíni náà, nítorí láti inú rẹ̀ ni a ti mú orúkọ tí gbogbo wa ń jẹ́. Àwa Owé, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ kò sí lábẹ́ adé kan ṣoṣo láyé àwọn baba wa, ṣùgbọ́n bákan náà ni a ń kí ara wa. Nítorí náà ni a ṣe ń pè wá ní Òkun. Bí ìkíni bá lè di orúkọ àwọn ènìyàn, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé àpáta, odò àti òkè ń jẹ́ orúkọ tí ìtàn wà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí wọ́n ti ṣe sí ọmọ ni wọ́n ṣe sí ilẹ̀. Wọn kò ní ìwé, wọn kò sì ní kálámù. Ohun tí wọn kò fẹ́ kí a gbàgbé, ara ilẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì mọ èyí dáradára. Jakọbu sùn ní Lusi, nígbà tí ó sì jí, ó pe ibẹ̀ ní Bẹtẹli. Samuẹli gbé òkúta kan ró, ó sì sọ ọ́ ní Ebeneseri, ní ìrántí ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n rí gbà. Joṣua to òkúta méjìlá jọ ní Gilgali, kí àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí lè béèrè ìtumọ̀ wọn lọ́wọ́ baba wọn.

Bí a bá yẹ orúkọ ilẹ̀ wò, a ó rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà wá. Èkíní ni èyí tí ó ń sọ bí ibẹ̀ ti rí. Ìbàdàn ni Ẹ̀bá Ọ̀dàn, nítorí etí ọ̀dàn ni a tẹ̀ ẹ́ dó sí. Ní ilẹ̀ Yàgbà tiwa, Odo-Ere wà, Oke-Ere sì wà. Ẹni tí ó gbọ́ orúkọ méjèèjì ti mọ̀ pé àwọn tí ó sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ ń wo òkè àti ìsàlẹ̀. Àní ìpínlẹ̀ tí a wà nínú rẹ̀, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, orúkọ omi ni ó ń jẹ́: Kogí ni àwọn Haúsá ń pe odò.

Èkejì ni orúkọ tí ó ń rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ogun fọ́n àwọn Ẹ̀gbá ká, wọ́n tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́, wọ́n sì fara pamọ́ sábẹ́ àpáta Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830; ibẹ̀ ni a ń pè ní Abẹ́òkúta títí di òní. Ìpọ́njú tí ó bá àwọn Ẹ̀gbá bá àwa náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti Bídá ni tiwa ti wá. Ọdún púpọ̀ ni àwọn ọmọ ogun Núpé fi ń wọ ilẹ̀ wa láti kó ènìyàn lẹ́rú àti láti gba ìṣákọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú fi pẹ̀tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gun orí òkè, nítorí ẹṣin kò lè gun àpáta. Ní oṣù kìíní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Kàbà láti Lókójà, tí wọ́n sì lọ ṣẹ́gun Bídá lẹ́yìn náà. Nígbà tí àlàáfíà dé, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ènìyàn sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹ̀bá ọ̀nà. Wọ́n gbé ẹrù wọn, wọ́n gbé adìyẹ wọn, ṣùgbọ́n orúkọ ibi tí wọ́n sá sí kò ṣeé dì lẹ́rù. Òkè ni ó kù sí, lẹ́nu ọdẹ àti lẹ́nu àgbẹ̀ arúgbó.

Ẹ̀kẹta ni orúkọ tí a gbé wá láti ibòmíràn. Aké, Kéésí àti Ìtòkò kì í ṣe orúkọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Abẹ́òkúta. Orúkọ àwọn ìlú Ẹ̀gbá tí ogun ti fọ́ ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó bá dé Ifẹ̀-Olúkọ̀tún ní ìtòsí wa yóò béèrè lójú ẹsẹ̀ pé kí ni ó pa ibẹ̀ àti Ilé-Ifẹ̀ pọ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni èyí gbé ń rí bẹ́ẹ̀. Ní etí òkun ilẹ̀ Skọ́tíláńdì, erékùṣù kékeré kan wà tí a ń pè ní Iona. Ní ọdún 563 ni Columba, àlùfáà láti ilẹ̀ Ireland, dé ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀, ní èdè Gaelic tiwọn, ń pe èbúté tí wọ́n ní ó gúnlẹ̀ sí ní Port a' Churaich, èyí ni Èbúté Ọkọ̀ Aláwọ, nítorí awọ ẹran ni a fi bo ọkọ̀ náà. Òkè kan wà níbẹ̀ tí ó ń jẹ́ Òkìtì Ẹ̀yìn-sí-Ireland; wọ́n ní ó gun orí rẹ̀ láti wò bóyá òun ṣì lè rí ilẹ̀ baba òun, nígbà tí kò sì rí i mọ́, ó gbà láti dúró. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí èyí pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba ń ya àwòrán ilẹ̀ Skọ́tíláńdì láàrin ọdún 1800 sí 1900, ọ̀pọ̀ orúkọ Gaelic ni a kọ bí ó ti dún létí Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí èdè náà ti kú, àwọn ọmọ ilẹ̀ ń pe orúkọ òkè wọn lójoojúmọ́ láìmọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ohun kan náà lè dé bá wa. Bí akọ̀wé bá kọ odo láìfi àmì sí i, tá ni yóò mọ̀ bóyá odò tí ń ṣàn ni, tàbí odó tí a fi ń gún iyán? Ní Lókójà, gbogbo ènìyàn ń sọ pé Òkè Pàtì. Bẹ́ẹ̀ ni Núpé ń pe òkè ní pàtì, tí ó fi jẹ́ pé Òkè Òkè ni a ń wí.

Síbẹ̀, mo ní láti kìlọ̀. Orúkọ jẹ́ ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n a kì í gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí láìbi í léèrè. Àwọn kan wí pé irókò já ni ó di Lókójà. Àwọn mìíràn sì ń túmọ̀ rẹ̀ láti inú èdè Haúsá tàbí ti Núpé. Olúmọ pàápàá, àwọn kan ní Olúwa ni ó mọ ọ́n, àwọn kan ní ibẹ̀ ni Olúwa fi ìyọnu mọ. Kò ṣòro fún ọlọ́gbọ́n láti gé orúkọ sí wẹ́wẹ́, kí ó sì hun ìtàn tuntun sí i, pàápàá nígbà tí ọ̀ràn ààlà tàbí oyè bá délẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnì-kan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, bí a bá sọ ìtàn orúkọ kan fún yín, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Ǹjẹ́ ibẹ̀ rí bí orúkọ náà ti wí? Èdè ta ni orúkọ náà? Ǹjẹ́ aládùúgbò tí kò ní èrè nínú rẹ̀ ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí kò tóbi. Kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní Ponyan ra ìwé kan. Kí àwọn ọmọ wa tí ó bá ti Èkó tàbí Àbújá wá sílé tẹ̀ lé àgbà kan lọ sí oko àti sí ahoro, kí wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo odò, àpáta, igi ńlá àti ibùdó àtijọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, bí a ti ń pè é ní ẹnu Yàgbà, láìsọ ọ́ di ti Ọ̀yọ́. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ìtàn náà. Bí ìtàn bá jẹ́ méjì, kí wọ́n kọ méjèèjì, kí wọ́n má ṣe dá ẹjọ́. Kí ẹ má sì ṣe dúró de ìjọba, nítorí ẹni tí ó mọ orúkọ àpáta tí ó wà lẹ́yìn oko yín lè ti kọjá ọgọ́rin ọdún. Ẹ lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lè gbé e dé ibẹ̀.