Ìwádìí Omi Abẹ́ Ilẹ̀ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìwádìí omi abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti àpáta fi ń mọ ibi tí omi fara pamọ́ sí lábẹ́ ilẹ̀ agbègbè kan, ìwọ̀n tí a lè fà, àti ìwọ̀n tí òjò ń dá padà, kí ìlú tó ṣètò bí a ó ti lò ó.

Ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ìlú àpáta Olúmọ, orí àpáta líle ni ilé dúró lé. Inú àpáta tí ó ti jẹrà di ilẹ̀ àti ojú ibi tí ó ti sán ni omi ń gbé, ìdí nìyí tí kànga ilé kan fi lè lómi nígbà tí ti aládùúgbò gbẹ táútáú lẹ́ẹ̀rùn. Ní Èkó, yanrìn tí ó nípọn ni ó gba omi dúró; bí a bá sì fà á ní àfàjù létíkun, omi iyọ̀ a wọlé.

Àwọn olùwádìí a gún irin mọ́lẹ̀, wọn a rán iná mànàmáná wọlé, nítorí pé ilẹ̀ tí omi rin ń jẹ́ kí iná kọjá ju àpáta gbígbẹ lọ. Lẹ́yìn náà, wọn a fi ẹ̀rọ fa omi kànga láìdáwọ́dúró, wọn a sì wọn bí ó ti ń lọ sílẹ̀ àti bí ó ti ń gòkè padà nígbà tí wọ́n bá dáwọ́ dúró.

Omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé: ohun tí òjò kò lè dá padà, kò yẹ kí a máa fà á lọ́dọọdún.