Láti Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Awo dé Ibùdó Ìlera Ìgbèríko: Ìtàn Ìtọ́jú Àìsàn Ọpọlọ àti Bárakú ní Ilẹ̀ Wa



A júbà Olódùmarè. A júbà Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín. A júbà Ọ̀ṣun Òṣogbo. A júbà àgbà tó ti lọ àti àgbà tó kù láyé.  

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá ń jó lójú ọjà, a óò dúró wòran. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tiwa, a óò wá aṣọ bò ó, a óò sì máa wá ìwòsàn kiri. Ọ̀nà tí ìwòsàn náà gbà dé ọ̀dọ̀ ará ìgbèríko, àti ipa tí àwa awo kó nínú rẹ̀, ni kókó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa lọ́dún yìí.

Ohun tí àwọn baba wa mọ̀

Àwọn baba wa kò pe gbogbo àìsàn orí ní orúkọ kan. Wọ́n mọ wèrè yàtọ̀ sí wárápá. Wọ́n mọ ọdẹ orí, èyí tí í rìn nínú orí ènìyàn bí ẹni pé kòkòrò wà níbẹ̀, wọ́n sì mọ abisínwín tí í mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n tún ní wèrè aláṣọ: ẹni tó ṣì ń wọṣọ, tó ṣì ń bá ẹgbẹ́ jáde, ṣùgbọ́n tí ará ilé rẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ti yí. Bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú Ifá, wọn a máa wádìí bóyá àmútọ̀runwá ni, bóyá ti ìran ni, tàbí àfiṣe. Lẹ́yìn èyí ni ẹbọ, ewé àti egbò yóò tẹ̀ lé e.

Asofẹ́yẹjẹ wà lára àwọn igi tí wọ́n gbójú lé jù. Egbò rẹ̀ a máa mú aláìsàn sùn, a sì máa mú ara rẹ̀ rọ̀. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ èròjà tí wọ́n pè ní reserpine láti ara igi ilẹ̀ Íńdíà kan tó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ, àwọn dókítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wo wèrè káàkiri ayé. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà nípa bí àwọn oníṣègùn wa ṣe ń lo igi yìí fún wèrè. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí yangàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé egbò kan náà, bí ó bá pọ̀ jù, a máa fa ìfúnpá ènìyàn wálẹ̀, a sì máa kó ìbànújẹ́ bá ọkàn. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ilé ìtìmọ́lé àti abúlé Aro

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ wa, ilé wèrè ni wọ́n kọ́. Wọ́n ṣí ti Yábàá ní 1907. Ti Lántòrò ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ ní 1944. Òfin tí wọ́n ṣe lórí wèrè ní 1916 fi ọ̀rọ̀ aláìsàn sí ọwọ́ adájọ́. Ìtìmọ́lé pọ̀ níbẹ̀ ju ìtọ́jú lọ, ẹni tí wọ́n bá sì kó lọ ti kúrò lójú ìyá, bàbá àti àbúrò.

Ọmọ Abẹ́òkúta kan ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Thomas Adéoyè Lambo kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó kọ́ ti ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà wálé láti darí ilé ìwòsàn Aro. Ní 1954, nígbà tí ilé ìwòsàn náà kò tíì parí, Lambo lọ bá àwọn abúlé tó yí Aro ká. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba aláìsàn sílé. Àdéhùn rẹ̀ ni pé ẹbí kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá láti máa dáná fún un, láti fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Bí oòrùn bá ti yẹ̀ lórí, wọn a padà sí abúlé, aláìsàn a sì máa bá àwọn ènìyàn gbé bí ènìyàn. Àwọn onílé ń gba owó ilé, ilé ìwòsàn sì bá wọn ṣètò omi tó mọ́.

Ohun tó kàn wá jù ni pé Lambo pe àwọn babaláwo àti oníṣègùn wọlé. Ó rí i pé àwọn ni wọ́n mọ ohun tí aláìsàn gbà gbọ́, ohun tí ń bà á lẹ́rù àti ìjà tó wà nínú ẹbí rẹ̀. Àwọn kan láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì yẹsẹ̀. Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun péjọ sí Abẹ́òkúta láti wá wo iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó yá, Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ẹ̀kọ́ láti Ìmẹ̀sí-Ilé

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà David Morley wà ní Wesley Guild ní Iléṣà. Ó rí i pé àwọn ọmọdé ń kú ní abúlé kí ìyá wọn tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó dá ilé ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀. Ó kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti ṣe ọ̀pọ̀ ohun tí dókítà nìkan ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí wọ́n ń fi wo bí ọmọ ṣe ń wúwo sí i. Ikú ọmọdé dínkù gidigidi, ọ̀nà náà sì tàn ká ayé. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé bí dókítà kò bá tó, a lè kọ́ ẹni tó wà nítòsí.

Ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni wọ́n mú wá sórí àìsàn ọpọlọ. Ní 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde fún òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà ọpọlọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn tún ìwé náà ṣe kí ó bá ilẹ̀ wa mu, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí ni wọ́n sì ti dán an wò. Òṣìṣẹ́ 198, láti ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé 68 ní ìjọba ìbílẹ̀ 8, ni wọ́n kọ́ láti dá wèrè, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, wárápá àti bárakú ọtí mọ̀, kí wọ́n sì tọ́jú wọn. Ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 2015: ìmọ̀ wọn gòkè, wọ́n sì ń rí aláìsàn tí wọn ìbá ti rán lọ lọ́wọ́ òfo tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí awo àti nọ́ọ̀sì jọ ṣiṣẹ́

Àwọn olùwádìí náà tún ṣe ohun kan tó yẹ kí gbogbo ilé awo gbọ́. Ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní ilẹ̀ Gánà, wọ́n lọ sí ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn oníwòsàn ìjọ. Aláìsàn 307 ni wọ́n tẹ̀ lé fún oṣù mẹ́fà. Ní apá kan, nọ́ọ̀sì ń wá sí ilé oníṣègùn láti fún aláìsàn ní oògùn. Oníṣègùn kò sì pa iṣẹ́ tirẹ̀ tì. Ní apá kejì, nǹkan ń lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020 fi hàn pé ara àwọn tí a jọ tọ́jú yá ju ti àwọn yòókù lọ. Ìdè àti ìyà sì dínkù ní apá méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ láàárín ara wa. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà ní ilé àwọn kan nínú wa. Pàṣán wà níbẹ̀, ebi tí a pè ní ààwẹ̀ sì wà níbẹ̀. A máa ń sọ pé ẹ̀rù wèrè ló ń bà wá, pé yóò sá lọ, pé yóò ṣe ènìyàn léṣe. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023 rọ́pò òfin wèrè ti ayé amúnisìn, ó sì fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kódà bí òfin kò bá sí, orí tí aláìsàn yàn lọ́run kò kéré sí tiwa.

Ọ̀rọ̀ bárakú náà ti wọ abúlé. Ìwádìí tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú ènìyàn méje tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64, ẹnìkan lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, láìka ọtí àti tábà. Igbó, tramadol àti omi ikọ́ tó ní codeine ni wọ́n ń sọ. Ọtí sì wà ní ojúbọ wa. Ìtọ́wò ni ọtí ojúbọ; ẹni tó bá mu ún yó níbi ọdún tí ó sì pè é ní ẹ̀sìn, ọmọ tó ń wò ó ni ó ń kọ́ ní bárakú.

Ohun tó kù fún wa

Àbá mẹ́ta ni a gbé ka iwájú ẹgbẹ́. Ìkínní, kí ilé awo kọ̀ọ̀kan tó ń gba aláìsàn ọpọlọ mọ nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera tó sún mọ́ ọn, kí nọ́ọ̀sì sì máa wọn ìfúnpá ẹni tó bá ń mu asofẹ́yẹjẹ. Aláìsàn kò gbọdọ̀ máa lo egbò wa àti oògùn tiwọn kí ẹnì kìíní má mọ ohun tí ẹnì kejì fún un. Ìkejì, kí a tú gbogbo ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sílẹ̀, kí ó tó di pé ìjọba wá bá wa tú u. Ìkẹta, kí a máa bẹ ìjọba ìbílẹ̀ kí oògùn má tán ní ibùdó ìlera, nítorí nọ́ọ̀sì tí kò ní oògùn lọ́wọ́ kò yàtọ̀ sí babaláwo tí kò ní ikin.

Àwọn tó bá Lambo ṣiṣẹ́ ní Aro kò pàdánù awo wọn. Wọ́n jókòó ti aláìsàn, wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀, wọ́n sì fetí sí ohun tí wọn kò mọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ̀ẹ́ kí a fi orí ọmọ wa ṣe ìran wò. Kí Ọ̀ṣun fi omi tútù rẹ̀ tu ọkàn tó ń jó. Kí ọdún tí ń bọ̀ bá gbogbo wa láyé, pẹ̀lú orí pípé.

Àṣẹ.