Ta Ni Ìjọba Ń Ràn Lọ́wọ́ Nídìí Irin Àlòkù?

Ẹni tó bá ń gbé Ire-Akari n'Ísọlọ̀ kò nílò aago tí yóò jí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn ọmọkùnrin ará Òkè Ọya tó ń ti ọmọlańke á ti máa ké "Kóńdẹ́mù!" kiri àdúgbò. Ìkòkò tó lu, fáànù tó kú, wọ́n á rà á. Lọ́dún 2023, èmi náà pe ọ̀kan wọlé, mo ta jẹnẹrétọ̀ kékeré mi fún un. Ẹ̀rọ ọ̀hún kò bàjẹ́ o! Owó epo rẹ̀ ni n kò ní mọ́.

Ṣebí èmi ni mo tà á? Rárá o, ìjọba ló tà á. Ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́ nílẹ̀.

Ní 1980, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ìrànwọ́ ni iye tí ìjọba gbé lé náírà yẹn, bí wọn ò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀, torí ó mú kí ọjà òkèèrè di pọ́ọ́kú. Ta ló máa wá ẹ́ńjìnnì àlòkù lọ? Ní oṣù kẹsàn-án 1986, ìjọba Babangida ní kí náírà lọ wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, ló bá já bọ́ bí àgbọn. Láìpẹ́, Tòkunbọ̀ kì í ṣe orúkọ ọmọ nìkan mọ́. Ọjà Ládípọ̀, tí títì Òṣòdì sí Àpápá là láàárín àwa àti wọn, kún fún ẹ́ńjìnnì "Bẹ́ljọ̀ọ̀mù", torí Antwerp ní ìlú Bẹ́ljọ̀ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù ti ń wọ ọkọ̀ òkun wá. Àwọn mẹkáníìkì ń tú u palẹ̀, wọ́n ń pààrọ̀ ríìngì, wọ́n ń sọ òkú di alààyè.

Epo pọ́ọ́kú ló gbé iṣẹ́ yẹn ró. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbó a máa mu epo bí ọ̀mùtí, ṣùgbọ́n ìjọba ló ń bá wa san nínú owó rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, wọ́n gbé lítà kan láti ₦65 sí ₦141; ìlú daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì dá a padà sí ₦97. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu ní ìrànwọ́ epo ti lọ. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, lítà tí kò tó ₦200 ti di ₦488 l'Ékòó. Ni jẹnẹrétọ̀ bá di irin.

Ìrànwọ́ kan ṣì wà tí ẹnikẹ́ni kì í pariwo. Òfin kò gbà kí a kó irin àlòkù lọ tà sókè òkun. Ìléru ńlá Ajaokuta, iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, kò tíì yọ́ irin kankan rí. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni bíi ti Ìkòròdú àti Ògìjó ló ń yọ́ kóńdẹ́mù di irin tí a fi ń kọ́lé. N kò ní kí wọ́n fagi lé òfin náà, torí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà òkèèrè kò lè dá sí i, iye tí ilé iṣẹ́ bá pè ni abẹ gé. Ìjọba kò san kọ́bọ̀. Àpò ọmọ tó ń ti ọmọlańke ni ìrànwọ́ yẹn ti ń jáde.

Ọmọ náà gbé jẹnẹrétọ̀ mi kọ́ sórí ìwọ̀n, ó ka owó fún mi, ó wá bojú wo inú ilé.

"Ọ̀gá, fíríìjì ńkọ́?"