Apá àti àwọ̀ títàn lára eṣinṣin ìdẹ

Eṣinṣin ìdẹ tí ń léfòó, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní dry fly, jẹ́ ìdẹ ẹja tí a fi òwú, ìyẹ́ ẹyẹ àti irun ẹranko dì mọ́ ara ìwọ̀ kékeré kí ó lè jọ kòkòrò tí ó bà lé ojú omi. Kì í rì. Ojú omi ni ó ń wà títí ẹja yóò fi gòkè wá gbé e mì. Ẹja trout inú odò tútù ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń fi í pa jù. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn tí ń di ìdẹ yìí ti ń jiyàn lórí ọ̀ràn méjì: bóyá ó pọn dandan kí ó ní apá bíi ti kòkòrò gidi, àti bóyá àwọ̀ títàn ń fa ẹja mọ́ra ju àwọ̀ ṣíṣú lọ. Apá wúlò nígbà tí kòkòrò tí ẹja ń jẹ lọ́wọ́ bá na apá tirẹ̀ sókè. Ní ti àwọ̀ títàn, ojú apẹja ni ó sábà máa ń ràn lọ́wọ́ ju ojú ẹja lọ. Ṣùgbọ́n omi kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní etíkun Aráròmí ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ọ̀ràn náà gba ọ̀nà mìíràn.

Ohun tí a fi ń dì í

Ara àkùkọ ni ohun pàtàkì jù lọ ti ń wá. Ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ gùn, ó tín-ínrín, omi kì í sì í tètè wọ̀ ọ́. Bí a bá yí i po ìwọ̀, fọ́nrán rẹ̀ yóò nà jáde yíká bí ẹsẹ̀ kòkòrò, orí àwọn fọ́nrán wọ̀nyí ni ìdẹ náà sì ń dúró lé lórí omi. Òwú, fọ́nrán ìrù ọ̀kín tàbí irun àgbọ̀nrín ni a lè fi ṣe ara rẹ̀.

Apá ni ó ń gba àkókò jù. Ègé ìyẹ́ méjì ni a ó gé, ọ̀kan láti apá ọ̀tún ẹyẹ, èkejì láti apá òsì, kí wọ́n lè dọ́gba. Bí òwú bá fún jù nígbà tí a ń so wọ́n, wọn yóò ya. Bí wọn kò bá dọ́gba, ìdẹ náà yóò máa pòòyì nínú afẹ́fẹ́ nígbà tí a bá jù ú, okùn yóò sì lọ́. Ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, níbi tí àwọn Òyìnbó ti kó ẹja trout sínú odò orí òkè ní 1905, dídi eṣinṣin ìdẹ fún títà sí òkè òkun ti di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Fún irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ apá kì í ṣe àríyànjiyàn lásán, nítorí pé ìdẹ tí kò ní apá yá láti dì ju èyí tí ó ní in lọ.

Ìtàn àríyànjiyàn náà

Aelian, òǹkọ̀wé ará Róòmù, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn pé àwọn apẹja ní Masedóníà máa ń yí irun àgùntàn pupa mọ́ ìwọ̀, tí wọ́n sì ń so ìyẹ́ àkùkọ méjì mọ́ ọn. Àwọ̀ títàn àti ìyẹ́ ti wà nínú ọ̀ràn náà láti ìgbà yẹn.

Frederic Halford, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ni ó sọ ọ́ di òfin. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1886, ó ṣe àlàyé 90 irú eṣinṣin ìdẹ, ó sì fẹ́ kí apá, ara àti àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti kòkòrò gidi mu rẹ́gí. Nígbà tí yóò fi di 1910, òun fúnra rẹ̀ ti dín iye náà kù sí 33. Èyí jẹ́ ẹ̀rí tí ó lágbára, nítorí pé ẹni tí ó gbèjà àwọ̀ jù lọ ni ó jẹ́ ẹ. J. W. Dunne tẹ̀ lé e ní 1924 pẹ̀lú èrò mìíràn: ó ní kì í ṣe àwọ̀ tí apẹja ń rí lórí tábìlì ni ẹja ń rí, bí kò ṣe àwọ̀ tí oòrùn là kọjá. Nítorí náà, ó kun igi ìwọ̀ ní funfun, ó sì yí òwú dídán tí a fi òróró pa mọ́ ọn kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìdẹ méjì gbajúmọ̀ tí ọ̀kan tako èkejì. Royal Coachman, tí John Haily dì ní New York ní 1878, ní ìgbànú pupa àti apá funfun, kò sì jọ kòkòrò kankan lábẹ́ ọ̀run. Síbẹ̀ ẹja ń gbé e. Adams, tí Leonard Halladay dì ní Michigan ní 1922, ní ara aláwọ̀ eérú, ẹja sì ń gbé òun náà. Ẹni tí ó bá rò pé àwọ̀ nìkan ni ó ń pe ẹja gbọ́dọ̀ wá àlàyé fún àwọn méjèèjì.

Bí ẹja ṣe ń rí ojú omi

Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ti inú afẹ́fẹ́ wọ inú omi máa ń tẹ̀. Nítorí èyí, ẹja tí ó gbójú sókè kì í rí ìta láti ibi gbogbo lójú omi. Ihò róbótó kan ni ó ń rí, bíi fèrèsé, tí gbogbo ojú ọ̀run fún pọ̀ sínú rẹ̀. Bí ẹja bá wà ní 30 sẹ̀ǹtímítà sí ojú omi, fèrèsé náà yóò fẹ̀ tó nǹkan bí 68 sẹ̀ǹtímítà. Bí ó bá rì sí i, fèrèsé yóò fẹ̀ sí i. Ní ìta fèrèsé, ojú omi dà bíi dígí tí ń fi ìsàlẹ̀ odò hàn.

Bí kòkòrò bá ń bọ̀ lórí omi ṣíṣàn, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ ojú omi wọnú ni ẹja kọ́kọ́ ń rí, tí ń tàn lára dígí náà bí ìràwọ̀ wẹ́wẹ́. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ṣóńṣó apá. Apá tí ó dúró ṣánṣán máa ń yọ ní etí fèrèsé kí ara kòkòrò tó dé ibẹ̀, bí ẹni pé apá ń fò láìní ara. Ìdí nìyí tí Vincent Marinaro, nínú ìwé rẹ̀ ti 1950, fi gbé apá lékè nígbà tí ó bá kan kòkòrò mayfly, tí apá rẹ̀ dúró bí ìgbòkun ọkọ̀. Doug Swisher àti Carl Richards lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 1971: wọ́n fi apá sílẹ̀, wọ́n sì yọ ìyẹ́ ọrùn àkùkọ kúrò pátápátá.

Ṣùgbọ́n èèrà àti ọ̀bọ̀nbọ̀n tí ó já sómi kò na apá kankan sókè, ìdẹ tí ó jọ wọ́n kò sì nílò rẹ̀. Bákan náà, ìyẹ́ ọrùn àkùkọ tí ó nípọn máa ń ṣe òjìji tí ó tó láti dípò apá, èyí tí ó fà á tí ọ̀pọ̀ ìdẹ aláìlápá fi ń pa ẹja lójoojúmọ́.

Ní ti àwọ̀, ẹni tí ó bá wo àṣá tí ń rà bàbà ní ọ̀sán gangan mọ̀ pé dúdú ni yóò rí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹ́ rẹ̀ kì í ṣe dúdú. Bẹ́ẹ̀ ni ìdẹ ṣe rí sí ẹja tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹja trout kò mọ àwọ̀. Ojú rẹ̀ dá àwọ̀ mọ̀ dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn ìdẹ ni ó ń pa àwọ̀ náà rẹ́, tí ó fi jẹ́ pé títóbi ìdẹ, ìrísí rẹ̀, àti bóyá ó mọ́lẹ̀ tàbí ó ṣú ni ó kù. Àwọn tí ń so òwú pupa tàbí ti ọsàn sí òkè ìdẹ mọ èyí. Òkè ara ìdẹ ni òwú náà wà, níbi tí ẹja kò ti fi bẹ́ẹ̀ rí i, kí apẹja tí ìrọ̀lẹ́ ti ṣú mọ́ lójú lè mọ ibi tí ìdẹ rẹ̀ wà.

Ní omi Aráròmí

Aráròmí wà ní etí Òkun Àtìláńtíìkì ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Igbókòdá. Kò sí ẹja trout níbẹ̀. Omi náà gbóná jù fún un. Àwọ̀n, ìgèrè àti ìwọ̀ ni apẹja Ìlàjẹ fi ń ṣiṣẹ́. Ìgbì a máa ru iyanrìn sókè ní etí òkun, omi tí ó sì gba inú irà kọjá a máa ṣú bí omi àgbo. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, fèrèsé tí a sọ lókè yìí di bàìbàì, àwọ̀ búlúù sì ni ó ń kọ́kọ́ sọnù, kì í ṣe pupa bíi ti inú òkun mímọ́. Ẹja àrọ̀ kò tilẹ̀ gbára lé ojú púpọ̀; irùngbọ̀n rẹ̀ ni ó fi ń wá oúnjẹ, nítorí náà ìdẹ tí ń rùn ni ó ń pè é, kì í ṣe èyí tí ń tàn.

Ẹja kútà yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọdẹ tí ń fi ojú ṣiṣẹ́. Ohun tí ń kọ mànà bí ìpẹ́ ẹja kékeré a máa mú un sáré, ṣùgbọ́n ìdẹ tí a ń fà lábẹ́ omi ni èyí, kì í ṣe eṣinṣin tí ń léfòó.

Ohun tí ó sún mọ́ eṣinṣin ìdẹ jù lọ ní agbègbè náà ni ìkán abìyẹ́, tí ń tú jáde lẹ́yìn òjò, tí púpọ̀ nínú wọn sì ń já sínú omi. Apá mẹ́rin ni ó ní, gbogbo wọn gùn dọ́gba. Wọ́n máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ sórí omi dípò kí wọ́n dúró, wọn kì í sì í pẹ́ já kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà, aláápá àti aláìlápá ni ó máa ń wà lórí omi kan náà ní alẹ́ kan ṣoṣo, ẹja tí ń jẹ lójú omi sì ń gbé méjèèjì mì.