Ìfaradà àbí Ìdínkù Ìrora? Ìtàn Ìwádìí kan lórí Ìfojúsọ́nà

Ní Ẹdúnàbọ̀n nítòsí Ilé-Ifẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ìlú Yorùbá yòókù, àwọn àgbà a máa pa á lówe pé tìrora tìrora ni a fi ń kọ ilà, bí ó bá jinná tán ní í di oge. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n kọ ilà fún kò mọ oge tí ń bọ̀. Ẹkún ni ó mọ̀. Ṣùgbọ́n omidan tí ó jókòó kí olóòlà fín kọ́lọ́ sí i lára mọ̀ ọ́n. Láyé àtijọ́, iyì ni ó jẹ́ fún un bí ó bá dákẹ́ lábẹ́ abẹ, nítorí wọn a máa kà á sí ẹni tí yóò lè kojú ìrọbí.

Ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn. Ǹjẹ́ ìrora omidan náà dínkù ní tòótọ́, tàbí ó kàn pa ẹnu mọ́? Ìbéèrè yìí kì í ṣe eré. Aboyún tí kò ké lè pàdánù ìtọ́jú tí ó tọ́ sí i, bí ẹni tí ń gbẹ̀bí rẹ̀ bá ka ìdákẹ́jẹ́ sí àìrora.

Ní 1946 ni Henry Beecher, dókítà ará Amẹ́ríkà, tẹ ìròyìn jáde lórí àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ ní Ítálì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ni ó ní àwọn kò fẹ́ oògùn ìrora, bí ọgbẹ́ wọn tilẹ̀ pọ̀. Àlàyé Beecher ni pé ọgbẹ́ ni yóò gbà wọ́n kúrò lójú ogun. Àlàyé náà dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ kò kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọkùnrin tí kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lè sọ bákan náà.

Ní 1978, Levine, Gordon àti Fields ní California fún àwọn tí wọ́n yọ eyín wọn ní oògùn tí kò ní agbára kankan. Ara tu àwọn kan. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní naloxone, tí í máa dí iṣẹ́ mọ́fíìnì lọ́wọ́, ìrora wọn pọ̀ sí i. Ó jọ pé ara fúnra rẹ̀ ti ń pèsè oògùn, kì í ṣe pé ẹnu lásán ni ó dákẹ́.

Ó wá ku ibi tí ìfojúsọ́nà ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Àwọn oníṣègùn Róòmù àtijọ́ ti fi ẹja tí ń gbọnni bí òjìjí wo orí fífọ́, ṣùgbọ́n ní 1985 ni Anthony Barker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield fi agbára òòfà ta ọpọlọ jí láti òde agbárí, láìlo abẹ. Ní 2010, Krummenacher àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Zurich lo irú ọ̀nà yìí láti dẹ́kun iṣẹ́ apá iwájú ọpọlọ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì fi ooru dán ara àwọn tí wọ́n ti ṣèlérí ìtura fún wò. Ìtura tí ìlérí mú wá pòórá. Bí ooru náà fúnra rẹ̀ ṣe ń dunni kò yí padà. Oge lọ, abẹ kù. Àmọ́ ara àwọn tí wọ́n dán an wò le, kò sì sí ìyá tàbí àfẹ́sọ́nà tí ó dúró tì wọ́n tí ń wo ojú wọn.