Apẹ̀rẹ̀ Kì í Ṣe Ẹrù: Ìtàn Ìyára Wi-Fi nínú Ilé ní Alápẹ̀rẹ̀

Ìfáàrà

Ní ọjà Mile 12, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n tòmátò. Oníbàárà tí ó gbọ́n kì í wo bí apẹ̀rẹ̀ ṣe tóbi tó nìkan. Ó ń wo inú rẹ̀, ó sì ń bèèrè bóyá ọjà wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Bí ọkọ̀ ẹrù kò bá dé láti Òkè Ọya, apẹ̀rẹ̀ ńlá kò ní ohun tí yóò gbé. Ní Alápẹ̀rẹ̀, àdúgbò tí kò jìnnà sí ọjà yìí, tí ìró orúkọ rẹ̀ sì bá ti apẹ̀rẹ̀ mu, irú apẹ̀rẹ̀ mìíràn ti wọ inú ilé. Bí ènìyàn bá ṣí ètò Wi-Fi lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, yóò rí iye kan níbẹ̀: 72, 433 tàbí 866 Mbps, èyí ni iye mẹ́gábíìtì tí ó lè kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìyára íntánẹ́ẹ̀tì wọn ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyára ìsopọ̀ láàárín fóònù àti ráúta nìkan ni iye yìí ń sọ. Ìwọ̀n apẹ̀rẹ̀ ni, kì í ṣe ẹrù inú rẹ̀.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ibi tí ó há jù lójú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ní Èkó kò dúró sójú kan. Láàárín ogún ọdún ó lé díẹ̀, ó ti etí òkun wá sí orí òpó, láti orí òpó ni ó sì ti ń wọ inú ilé. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ó wà yóò máa náwó síbi tí kò yẹ.

Ibi tí iye náà ti wá

Ní 1985, àjọ FCC tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà gbà kí àwọn ènìyàn máa lo àwọn ìgbì rédíò kan fún ìbánisọ̀rọ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí a mọ̀ sí IEEE gbé ìlànà 802.11 àkọ́kọ́ jáde ní 1997. Ìyára rẹ̀ kò ju 2 Mbps lọ. Ní 1999, ó di 11, ọdún náà ni orúkọ Wi-Fi sì jáde. Ní 2003, ìlànà 802.11g gbé e dé 54 lórí ìgbì 2.4 GHz. Ìlànà ti 2009 ni ó fún fóònù aláńténà kan ní 72 lórí ojú ọ̀nà tí ó mọ níwọ̀n, èyí tí ó gbilẹ̀ ní 2013 sì mú 433 wá fún áńténà kan àti 866 fún méjì.

Nítorí náà, 72 tí ó hàn lójú fóònù kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni wọ̀n ní Alápẹ̀rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan ni lórí àkàbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti kàn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fóònù àti ráúta ń gùn ún, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí agbára ìgbì tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn bá ṣe rí. Kódà lókè téńté, àwọn ẹ̀rọ ń lo àkókò láti dúró de ara wọn àti láti jẹ́rìí pé ohun tí a fi ránṣẹ́ ti dé. Ohun tí ó kù fún ẹni tí ń wo fíìmù sábà máa ń sún mọ́ ìdajì iye náà tàbí kí ó lé díẹ̀.

Nígbà tí ọ̀nà há láti ìta

Nígbà tí Wi-Fi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, ilé-iṣẹ́ ìjọba NITEL, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985, ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìlà tẹlifóònù Nàìjíríà. Nǹkan bí 400,000 ìlà ni ó wà fún orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Módẹ́ẹ̀mù tí ń gba orí ìlà wọ̀nyí kò lè kọjá 56 kbps, èyí tí kò tó ìdá kan nínú ìdá 190 ìyára Wi-Fi ti 1999. Ní àwọn kaféè íntánẹ́ẹ̀tì Èkó, abọ́ sátẹ́láìtì kan ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń pín lò. Oníbàárà ń ra wákàtí, àwọn mìíràn sì ń sùn síbẹ̀ mọ́jú nítorí pé owó òru dínkù. Kò sí ẹni tí ó ń bèèrè ìyára Wi-Fi nígbà náà. Apẹ̀rẹ̀ ti tóbi ju ọjà lọ.

Okùn abẹ́ òkun SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, ṣùgbọ́n ọwọ́ NITEL ni ìpín Nàìjíríà wà, owó rẹ̀ sì wọ́n. Ní 2010 ni nǹkan yí padà, nígbà tí okùn MainOne, tí Funke Opeke dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, so Èkó pọ̀ mọ́ Potogí, tí Glo-1 sì gba Bìrìtìkó wá. Ọ̀nà òkun gbòòrò. Nígbà náà ni ibi tí ó há bọ́ sí orí òpó.

Òpó GSM ti wà ní Èkó láti 2001, ṣùgbọ́n ọdún 2010 sókè ni 4G dé. MiFi, àpótí kékeré tí ń gba íntánẹ́ẹ̀tì lórí òpó tí ó sì ń fi Wi-Fi pín in, di ará ilé. Ìdààmú àwọn oníle bẹ̀rẹ̀ níbí. Ní alẹ́, nígbà tí àwọn tí ó gba afárá Third Mainland bọ̀ láti Erékùṣù bá délé, òpó kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń fà. Fíìmù á dúró, ṣùgbọ́n iye ojú fóònù kò ní yí padà, torí pé MiFi wà lórí tábìlì nítòsí.

Ẹ̀rí tí ó tóbi jù dé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, 2024, nígbà tí okùn mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àmì Wi-Fi lè kún dẹ́múdẹ́mú lójú fóònù kí ojú ewé kan ṣoṣo má sì ṣí. Apẹ̀rẹ̀ wà nílẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù ni kò dé.

Nígbà tí ibi híhá wọ inú ilé

Lónìí, okùn fáíbà ti dé àwọn àdúgbò kan ní Èkó, Starlink sì ti ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà láti 2023. Níbi tí 100 Mbps bá ti wọlé, fóònù tí ó wà lórí 72 kò lè gbà á tán. Ọ̀nà ìta ti wá gbòòrò ju ẹnu ọ̀nà yàrá lọ.

Bí ilé ṣe rí ní Alápẹ̀rẹ̀ dá kún un. Ilé fara ti ilé, ògiri búlọ́ọ̀kù sì wà láàárín yàrá àti yàrá. Lórí ìgbì 2.4 GHz, ojú ọ̀nà mẹ́ta péré ni kò wọ inú ara wọn: 1, 6 àti 11. Bí ráúta ilé mẹ́wàá bá pàdé níbẹ̀, ṣe ni wọn yóò máa tò. Fóònù tí ó lọ́ra nínú wọn a máa pẹ́ lẹ́nu ìlà, bí ẹni tí ń ka owó ẹyọ níwájú kọ́ńdọ́ nígbà tí èrò ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbì 5 GHz ní àyè púpọ̀, ṣùgbọ́n ògiri tètè máa ń dín agbára rẹ̀ kù. Ráúta tí ó fún fóònù ní 433 ní pálọ̀ lè fún un ní iye tí kò tó 100 ní yàrá ẹ̀yìn.

Ìgúnlẹ̀

Ẹni tí ògiri ń yọ lẹ́nu ń ra dátà tí ó wọ́n sí i. Ẹni tí òpó ń yọ lẹ́nu ń ra ráúta tuntun. Àwọn méjèèjì náwó, kò sì sí èyí tí ó rí ìtura. Àyẹ̀wò tí ó yẹ kò nira. Kí onílé dúró ti ráúta, kí ó wo iye ìsopọ̀, kí ó sì wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì gan-an. Bí iye ìsopọ̀ bá ga tí ìyára sì kéré, ìta ni ọ̀nà ti há: ilé-iṣẹ́ tí ó ń gbowó ni ó yẹ kí ó dáhùn, bí kò bá sì dáhùn, àjọ NCC ń gba ẹ̀sùn lórí 622. Bí ìyára bá dára nítòsí ráúta tí ó sì já ní yàrá, kí wọ́n gbé ráúta sí àárín ilé.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìtàn íntánẹ́ẹ̀tì Èkó tí ó bá ka okùn òkun àti òpó nìkan yóò gbàgbé ìwọ̀n ẹsẹ̀ díẹ̀ tí ó kẹ́yìn, láti orí ráúta dé àtẹ́lẹwọ́, níbi tí ẹni tí ó sanwó ti ń mọ̀ bóyá ọjà dé tàbí kò dé.