Ife Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbà ní Ọdún 1919

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá bi ọmọdé léèrè bí eré ìdíje kan ti rí, ìdáhùn rẹ̀ kì í pọ̀: yóò ní a borí, tàbí wọ́n borí wa, tàbí a ta ọ̀mì. Bí ẹ bá wá sọ fún un pé ìdíje kan wà tí ẹnikẹ́ni kò borí, tí kì í sì í ṣe ọ̀mì, yóò rò pé àlọ́ ni ẹ fẹ́ pa. Mo ti rí èyí lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà. Bí mo bá ti mẹ́nu ba ìdíje Ife Stanley ti ọdún 1919 ní kíláàsì, kì í pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn yóò fi nawọ́ sókè pé, "Tíṣà, ta ni ó gba ife náà?" Èmi a sì ní kí ó fọwọ́ wọ́nú ná, kí ó gbọ́ ìtàn náà tán. Ohun kan náà ni mo ń bẹ̀ ẹ̀yin náà lónìí.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú eré tí à ń sọ. Ní ilẹ̀ Kánádà, nígbà òtútù, omi odò a máa dì gbagidi tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè rìn lórí rẹ̀. Orí irú omi dídì bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ eré họ́kì orí yìnyín. Àwọn eléré a wọ bàtà tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, wọn a máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lọ, gẹ̀rẹ̀ bọ̀. Ọ̀pá tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ a wà lọ́wọ́ wọn, òun ni wọ́n sì fi ń gbá róbà líle kan, tí ó rí pẹlẹbẹ, tí ó sì rí róbótó, kí ó lè wọ inú àwọ̀n ẹgbẹ́ kejì. Ẹ lè fi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ wé e, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ó yára jù ú lọ, ìkọlura inú rẹ̀ sì le jù ú lọ. Ní ọdún 1892 ni Lord Stanley, gómìnà àgbà tí ó ń ṣojú ọba obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Kánádà, fi ife fàdákà kan sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tí ó bá mọ eré náà jù. Láti ọdún 1893 tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi í fún ẹgbẹ́ kan, kò sí ẹ̀bùn tí eléré họ́kì ń lépa tó o.

Ní àkókò tí à ń sọ yìí, líìgì ńlá méjì ni ó wà fún àwọn tí ń fi eré yìí jẹun. Ọ̀kan wà ní ìlà-oòrùn Kánádà: òun ni National Hockey League, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Montreal ní oṣù kọkànlá ọdún 1917. Èkejì wà ní ìwọ̀-oòrùn, ní etí òkun Pacific. Àwọn ọmọ ìyá méjì, Frank àti Lester Patrick, ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1911. Ẹgbẹ́ tí ó bá borí ní ìlà-oòrùn ni yóò pàdé ẹgbẹ́ tí ó bá borí ní ìwọ̀-oòrùn, kí wọ́n jọ du Ife Stanley. Òfin wọn kò tilẹ̀ dọ́gba. Ènìyàn 6 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wọ orí yìnyín ní ìlà-oòrùn, ènìyàn 7 ni ti ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà, bí wọ́n bá pàdé, wọn a lo òfin ìhín lónìí, wọn a lo òfin ọ̀hún bí wọ́n bá tún pàdé, kí ìrẹ́jẹ má bàa sí.

Kí sáà eré 1918 sí 1919 tó bẹ̀rẹ̀, àlejò burúkú kan ti wọ ayé. Àlejò náà ni àrùn gágá. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918 ni ó bá ọkọ̀ òkun gúnlẹ̀ sí Èkó, tí ó sì ti ibẹ̀ wọ ìgbèríko lọ. Lúkúlúkú ni wọ́n pè é. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé ó pa tó 50,000,000 ènìyàn káàkiri ayé, ó sì pa nǹkan bí 50,000 ní Kánádà nìkan. Àrùn mìíràn a máa mú arúgbó àti ọmọ ọwọ́ lọ. Èyí kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Àwọn géńdé ọkùnrin àti obìnrin, láti ọmọ ogún ọdún títí dé ogójì, ni ó ń gbé ṣánlẹ̀ jù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1918, kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ó ti pa Hamby Shore, ọ̀kan nínú àwọn eléré Ottawa. Ní Seattle, ìlú Amẹ́ríkà kan ní etí òkun Pacific, ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́, ilé ìsìn àti ilé sinimá ní oṣù náà. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá, tí ogun àgbáyé parí, wọ́n ṣí wọn padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ewu ti kọjá. Àṣé ó kàn fara pamọ́ ni.

Ẹgbẹ́ 3 péré ni ó bẹ̀rẹ̀ sáà náà ní ìlà-oòrùn: Montreal Canadiens, Ottawa Senators àti Toronto. Toronto ni ó gba ife ní 1918, ṣùgbọ́n wàhálà owó àti ẹjọ́ dé bá wọn, nígbà tí ó sì di oṣù kejì ọdún 1919, wọ́n kógbá eré wọn wọlé. Bí ẹgbẹ́ ṣe ku méjì nìyẹn. Ottawa borí nínú eré 12, Montreal borí nínú 10. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn méjèèjì wá pàdé láti mọ ẹni tí yóò lọ sí ìwọ̀-oòrùn, Montreal ni ó fakọ yọ: eré 4 ni ó jẹ, Ottawa jẹ ẹyọ kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, Newsy Lalonde, ògbóǹtarìgì wọn, dá nìkan gbá góòlù 5 wọlé nínú eré kan ṣoṣo. Ọdún 25 ni ó kọjá kí eléré mìíràn tó ṣe irú rẹ̀ nínú àṣekágbá líìgì náà.

Ní ìwọ̀-oòrùn, ẹgbẹ́ Seattle Metropolitans ni ó borí Vancouver, góòlù 7 sí 5 nínú eré méjì. Ọ̀rọ̀ wà láàárín Seattle àti Montreal. Ní 1917, Seattle ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó gba Ife Stanley, ọwọ́ Montreal yìí náà ni ó sì ti gbà á. Nítorí náà, bí ẹni tí ó ń lọ gba gbèsè ni Montreal ṣe wọ rélùwéè. Ìrìn àjò náà ju 4,000 kìlómítà lọ. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà rélùwéè Èkó sí Kánò. Seattle náà kò pé. Díẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà mú Bernie Morris, ẹni tí ó ń gbá góòlù wọlé fún wọn jù, wọ́n ní ó sá fún iṣẹ́ ológun. Kò bá wọn gbá ẹyọ kan nínú ìdíje náà.

Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ jẹ eré 3 ni yóò gba ife. Ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1919 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Seattle. Lọ́jọ́ náà, lábẹ́ òfin ìwọ̀-oòrùn, Seattle na Montreal ní 7 sí 0. Ní ọjọ́ 22, lábẹ́ òfin ìlà-oòrùn, Montreal gbẹ̀san, 4 sí 2. Lalonde ni ó gbá góòlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ọjọ́ 24, Seattle tún borí, 7 sí 2. Frank Foyston gbá 4 nínú rẹ̀.

Eré kẹrin, ní ọjọ́ 26, ni àwọn tí ó mọ họ́kì ń sọ di ìsinsìnyí. Aṣọ́lé Montreal ni Georges Vezina, aṣọ́lé Seattle ni Harry Holmes. Àwọn méjèèjì dúró bí ògiri. Àkókò eré pé, kò sí góòlù. Wọ́n fi 20 ìṣẹ́jú kún un, síbẹ̀ kò sí góòlù. Ó ti rẹ àwọn eléré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mìíràn nínú wọn dojú bolẹ̀ lórí yìnyín nígbà tí wọ́n fọn fèrè. Wọ́n ta ọ̀mì, 0 sí 0.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n gbá eré karùn-ún. Seattle ti gbá góòlù 3, Montreal kò tíì ní ẹyọ kan. Ó ku ìdá kan nínú mẹ́ta kí eré parí. Àwọn ará ìlú ti ń múra ijó. Ni Montreal bá sọjí, wọ́n gbá 3 wọlé, wọ́n sì dọ́gba. Nínú àkókò tí wọ́n fi kún un ni Jack McDonald gbá ẹ̀kẹrin wọlé. Seattle ti jẹ eré 2, Montreal ti jẹ 2, wọ́n ti ta ọ̀mì 1. Gbogbo ọ̀rọ̀ wá ku ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin.

Ṣùgbọ́n nínú eré karùn-ún yẹn, Joe Hall ti Montreal fi orí yìnyín sílẹ̀ kí eré tó parí. Ara rẹ̀ kò dá. Ilẹ̀ ọjọ́ eré kẹfà mọ́, ibà ti gbé Hall, McDonald, Lalonde, Couture àti Berlinquette dè mọ́lẹ̀, ó sì gbé George Kennedy, máníjà wọn, pẹ̀lú. Ó ku nǹkan bí wákàtí márùn-ún kí eré bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n bá kéde pé kò ní sí eré mọ́.

Kennedy wá àtiyá àwọn eléré láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Victoria, kí ìdíje lè parí. Frank Patrick, ààrẹ líìgì ìwọ̀-oòrùn, kò gbà. Kennedy wá sọ pé kí Seattle máa gbé ife lọ, nítorí pé òun kò ní ẹni tí òun yóò kó wọ pápá mọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ dúró ronú sí i díẹ̀. Òfin wà lẹ́yìn Seattle. Góòlù 19 ni wọ́n ti gbá nínú eré márààrún, 10 péré ni ti Montreal. Inú ìlú wọn ni ife náà yóò dúró sí, kò sì sí ẹni tí yóò bú wọn. Ṣùgbọ́n Pete Muldoon, olùkọ́ ẹgbẹ́ Seattle, kọ̀. Kò fẹ́ ife tí àìsàn gbà fún un lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn baba wa ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Mi ò rò pé Muldoon gbọ́ òwe náà rí, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

Joe Hall kò dìde mọ́. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, Kánádà ni ó gbé dàgbà. Ó ti gba ife lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ẹgbẹ́ Quebec, ní 1912 àti 1913. "Bad Joe" ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó le lórí yìnyín. Òun àti Lalonde ti jẹ́ ọ̀tá ara wọn nígbà tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí ó dara pọ̀ mọ́ Montreal, wọ́n di ọ̀rẹ́, wọ́n sì jọ ń sun yàrá kan náà bí wọ́n bá rin ìrìn àjò. Gágá di òtútù àyà sí i lára. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 1919, ó kú ní ilé ìwòsàn ní Seattle, ọmọ ọdún 37. Vancouver ni wọ́n sin ín sí. Àwọn yòókù gbádùn, ṣùgbọ́n àìsàn náà kò fi Kennedy sílẹ̀ pátápátá; ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1921.

Kí ni Seattle rí gbà fún ìwà rere rẹ̀? Ní 1920 wọ́n tún du ife náà, Ottawa borí wọn. Ní 1924 ẹgbẹ́ náà tú ká, wọn kò sì gba Ife Stanley mọ́ títí wọ́n fi tú ká. Ó di ọdún 2021 kí Seattle tó tún ní ẹgbẹ́ tí yóò du ife náà. Mo sọ èyí kí ẹ má bàa rò pé gbogbo ìwà rere ni ó máa ń mú èrè bọ̀ kíákíá. Ohun tí Muldoon kọ̀ lọ́jọ́ yẹn kò padà wá bá a.

Ṣùgbọ́n ní 1948, nígbà tí wọ́n tún ife náà ṣe, wọ́n fín orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì sí i lára fún ọdún 1919, Montreal Canadiens àti Seattle Metropolitans, wọ́n sì fín in sí abẹ́ wọn pé ìdíje náà kò parí. Wọn kò ka góòlù láti fi yan ẹni kan. Wọn kò sì fo ọdún náà bí ẹni pé kò sí irú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an ni wọ́n kọ ọ́.

Nítorí náà, bí ọmọ kíláàsì mi bá tún nawọ́ sókè, ìdáhùn mi ni pé kò sí ẹni tí ó gbà á. Ọ̀kan kò lè dìde, èkejì kò sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lórí ibùsùn àìsàn. Èmi a wá ní kí ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó má fi orúkọ ẹnikẹ́ni dí àyè náà.